Ìsinmi Tí Noreen Kò Sí Níbẹ̀

Noreen Scully ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kí ó tó mọ̀ pé ènìyàn lè jowú ìrìn àjò tí àwọn ẹlòmíràn ti rìn parí tipẹ́tipẹ́. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni ó mọ̀ ọ́n, ní oṣù kẹjọ ọdún 1963, nínú pálọ̀ àwọn Schirmer ní Horsham. Clem, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, mú un wá kí àwọn òbí òun lè rí i. Wọ́n jẹun tán, wọ́n fa kọ́tìnnì, wọ́n ta aṣọ ibùsùn funfun sára ògiri, Hilda, ìyá Clem, sì jókòó ti ẹ̀rọ kékeré kan tó ń gbé fọ́tò sára aṣọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Èyí, Ceduna ni, Kérésìmesì ọdún 1957," ni Hilda wí. "Atẹ́gùn gbé àgọ́ wa lọ lọ́jọ́ yẹn. Verna ló sáré tẹ̀ lé e, tó sì fà á bọ̀."

Lára aṣọ funfun náà, ọmọbìnrin gíga kan tí irun rẹ̀ pọ́n bí àlìkámà tó ti gbó dúró síbẹ̀, okùn àgọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Èyí, àwọn òkè Flinders. Verna ló dá iná yìí nínú òjò. Nínú òjò o. Èyí, odò Murray. Verna àti Clem ni wọ́n tu ọkọ̀ yẹn. Ẹ wo bí oòrùn ṣe bó wọn lára."

Verna yìí, ọmọ àwọn Noske ni, tí oko wọn bá ti àwọn Schirmer pààlà. Láti ìgbà tí àwọn ọmọ ti wà ní kékeré ni ìdílé méjèèjì ti ń jọ rìnrìn àjò ní gbogbo Kérésìmesì, tí wọ́n ń so kárafáànù, yàrá onítáyà, mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, tí wọ́n ń ká gbogbo etí òkun kiri. Noreen wo fọ́tò mọ́kànlélọ́gbọ̀n lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Verna wà nínú méjìlélógún.

"Ìwọ ńkọ́, Noreen?" ni Hilda béèrè láìwo ẹ̀yìn. "Níbo lẹ̀yin máa ń lọ tí ìsinmi bá dé?"

"A kì í lọ ibì kankan, mà. Ilé búrẹ́dì ni bàbá mi ní. Ojoojúmọ́ làwọn ènìyàn ń jẹ búrẹ́dì."

"Áà," ni Hilda wí, ó sì yí ẹ̀rọ náà. Verna tún yọ. Ó jókòó sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, Clem dúró tì í, ó gbé ọwọ́ lé e ní èjìká. Hilda jẹ́ kí èyí pẹ́ lára ògiri díẹ̀.

Oṣù mẹ́jọ ni Clem ti ń fẹ́ Noreen sọ́nà nígbà náà. Òun ló ń wa ọkọ̀ tó ń kó ìyẹ̀fun láti Horsham wá sí Ballarat, ilé búrẹ́dì Frank Scully sì wà lára ibi tó ń já ẹrù sí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, bó bá ti já àpò tó kẹ́yìn, yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ìyẹ̀fun lórí ìpéǹpéjú rẹ̀, yóò sì máa sọ ìtàn fún Noreen: a sùn sí etí òkun tí kò sí ilé kankan nítòsí, a jí, àwọn kangarú mẹ́ta ń wo wá. A rin ọ̀nà tó lọ gbọnrangandan fún odidi ọjọ́ kan láìrí kọ́nà kankan. Àwọn ìtàn yẹn ló kó sí Noreen lórí. Ó ń fi wọ́n sùn, ó ń fi wọ́n jí. Ṣùgbọ́n bó ṣe jókòó nínú òkùnkùn pálọ̀ yẹn, ó rántí pé "a" ni Clem máa ń wí. A sùn. A jí. A rìn. Òun kò fìgbà kan béèrè pé àwọn wo ni "a".

Nínú ọkọ̀, bí wọ́n ṣe ń padà sí Ballarat, ó béèrè. Ó gbìyànjú kí ohùn òun fúyẹ́.

"Verna yẹn, kí ló jẹ́ sí ọ?"

"Verna? Bí àbúrò ló rí sí mi."

Ó yára dáhùn jù. Noreen wo ojú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Ọ̀nà ló ń wò, bí ẹni pé màlúù kan fẹ́ sọdá.

"Ó dáa," ni Noreen wí, ó sì gbé e mì. Kò mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í dà nínú ènìyàn.

Nílé, bàbá rẹ̀ ti ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nílẹ̀. Àgùdà pọ́ńbélé ni Frank Scully. Ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún méjìlá, ṣọ́ọ̀ṣì àti ìyẹ̀fun nìkan ló kù tó mọ̀.

"Ṣé gbogbo ọmọkùnrin ìjọ Àgùdà ló ti tán ní Ballarat ni?" ló béèrè. "Ọmọ ìjọ Luther lo lọ kó wá fún mi. Bí fádà bá bi mí, kí ni kí n wí?"

"Ẹ ní awakọ̀ ìyẹ̀fun ni, Dádì. Òótọ́ ni."

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, ẹnu géètì ni kó máa já ẹrù sí. Kò gbọdọ̀ wọlé mọ́."

Báyìí ni Àǹtí Monica ṣe di alárinà. Àbúrò Frank ni, opó tí kò bímọ, ọdún mọ́kànlélógún ló ti fi ń po ìyẹ̀fun fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sì sí ohun tó mọ̀ tí ẹnu rẹ̀ kì í sọ. Bí Clem bá já ẹrù sí ẹnu géètì, Monica ni yóò jáde lọ kà á. Yóò mú lẹ́tà Noreen lọ nínú bébà búrẹ́dì, yóò sì mú ti Clem bọ̀ nínú àyà rẹ̀.

"Ọmọ náà ń rù," ni yóò wí. "Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun ò sùn. Mo ní kó má wakọ̀ bẹ́ẹ̀ o, kó má lọ da ìyẹ̀fun wa nù sójú ọ̀nà."

Nínú lẹ́tà oṣù kọkànlá ni Clem ti kọ̀wé pé ìyá òun náà kò gbà. Hilda ti gbọ́ pé bí Clem bá fẹ́ ọmọ Àgùdà, ó ní láti fọwọ́ sí ìwé pé Àgùdà ni gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí yóò jẹ́. Ó sunkún lé e lórí fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n ó ní bí Noreen bá lè bá àwọn lọ fún ìsinmi Kérésìmesì ní Streaky Bay, òun yóò wo irú ẹni tí ó jẹ́ dáadáa. Clem kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé Verna ń bọ̀. Noreen kò béèrè. Àwọn méjèèjì mọ̀ ọ́n.

"Bí o gbà, bí o kọ̀, Noreen ń lọ. Mo máa tẹ̀ lé e lọ," ni Monica sọ fún Frank. "Kí ẹnikẹ́ni má baà rí ohun kankan wí."

"Ta ni yóò wá po ìyẹ̀fun?"

"Ìwọ. Èmi náà ò tíì rí òkun yẹn, Frank. Kí n tó kú, mo fẹ́ jókòó síbì kan tí kò gbóná bí ààrò."

Ibi tí wọ́n lọ náà gbóná ju ààrò lọ. Ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n fi wakọ̀, Otto, bàbá Clem, níwájú láìsọ̀rọ̀, eṣinṣin nínú ojú gbogbo wọn. Nígbà tí wọ́n dé etí omi, ọkọ̀ àwọn Noske ti wà níbẹ̀, ẹnìkan sì ti ń gbá èèkàn àgọ́ wọlẹ̀. Ó nàró, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò, ó ń bọ̀.

Ní gbogbo ọ̀nà ni Noreen ti ń gbàdúrà pé kí fọ́tò ti purọ́, kí eyín ọmọbìnrin náà wọ́ tàbí kí ohùn rẹ̀ burú. Verna Noske rẹwà ju ti ara ògiri lọ. Èyí tó tún wá burú jù ni pé onínúure ni.

"Ìwọ ni Noreen," ló wí. "Inú mi dùn. Clem kì í sọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíì mọ́, ó ti sú wa."

Ọjọ́ mẹ́ta ni Noreen fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń jowú láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́. Ó gbá èèkàn, èèkàn wọ́. Ó dáná, iná kú. Imú rẹ̀ bó. "Verna, fi hàn án," ni Hilda ń wí, Verna yóò sì wá kúnlẹ̀ tì í, yóò fi sùúrù fi hàn án, òórùn ọṣẹ rẹ̀ yóò sì máa ta sí Noreen nímú. Bí wọ́n bá jókòó jẹun, ẹnìkan á kàn wí pé, "Ẹ rántí bàtà Otto ní Ceduna?" gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú Otto pàápàá. Kò sí ẹni tó ṣàlàyé bàtà náà. Noreen rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ẹnu rẹ̀ korò.

"Bí o bá ń wo ọmọ yẹn báyìí," ni Monica sọ sí i létí, "ojú rẹ máa dì síbẹ̀. Jẹ akàn rẹ."

"N kò wo ẹnì kankan."

"O ò wò ó. Akàn ló ń wo ọ́."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, Noreen lọ pọn omi. Láti ibi ẹ̀rọ omi, ó rí afárá onígi gígùn tó wọ inú òkun, Clem àti Verna sì jókòó sí ìparí rẹ̀, ìwọ̀ ẹja lọ́wọ́ wọn. Clem dorí kodò, ó ń sọ̀rọ̀. Verna gbọ́, ó mirí, lẹ́yìn náà ó na ọwọ́, ó sì gbá a lẹ́yìn jẹ́jẹ́. Noreen dúró síbẹ̀ títí omi fi kún inú garawa tó sì ń dà sí i lẹ́sẹ̀. Ó ronú pé: èmi ti fi ilé bàbá mi sílẹ̀, mo wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ìgbéyàwó ẹlòmíràn. Ó tún ronú pé bóyá àṣìrò ni. Ó tún ronú pé kì í ṣe àṣìrò.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó bá Verna nìkan níbi tó ti ń fọ abọ́. Ó mú aṣọ ìnuwọ́, ó nu abọ́ kan, ó nu èkejì, ó sì sọ ọ́ jáde.

"Kí ló wà láàárín ìwọ àti Clem?"

Verna kò yí padà kíákíá. "Kí ló sọ fún ọ?"

"Ó ní bí àbúrò lo rí sí òun."

Verna gbé abọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Òmùgọ̀ ènìyàn," ló wí, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Àárọ̀ yìí ló ń bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ọ. Mo ní bí o kò bá bi mí, n kò ní sọ. O sì ti bi mí. Ó ní kí n fẹ́ òun, Noreen. Ẹ̀ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kan ní odò Murray, lẹ́ẹ̀kejì níbí, ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, lórí afárá yẹn gan-an. Mo kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejèèjì."

"Kí ló dé tí o fi kọ̀?" Bó ṣe béèrè ni ó yà á lẹ́nu pé inú ń bí òun sí Verna nítorí kíkọ̀ náà pẹ̀lú. Ta ni í kọ Clem?

"Nítorí mo fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì ní Adelaide, n kò sì fẹ́ jí lójoojúmọ́ wo oko bàbá mi láti ojú fèrèsé Hilda. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Kì í ṣe irú ìyẹn. Hilda ò tíì dárí jì mí, ìdí nìyẹn tó fi ń gbé fọ́tò mi sójú gbogbo ayé."

Noreen bá Clem lẹ́yìn kárafáànù níbi tó ti ń ha ìpẹ́ ẹja. Kò jókòó.

"Ẹ̀ẹ̀mejì," ló wí.

Clem gbé ojú sókè, àwọ̀ ojú rẹ̀ sì yí padà. "Mo fẹ́ sọ fún ọ."

"Ìgbà wo? Tí a bá ti bí ọmọ márùn-ún?"

"Ojú tí o fi bi mí nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn ló bà mí lẹ́rù. Mo rò pé bí mo bá sọ ọ́, o máa sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀."

"Nítorí náà ojú mi ló parọ́."

"Noreen, ó ti parí. Ó ti pẹ́ tó ti parí."

"Bó bá ti parí, kí ló dé tí o fi ń bẹ̀ ẹ́ kó bá ọ pa á mọ́? Ẹ̀yin méjèèjì ní àṣírí kan báyìí, èmi sì ni àṣírí náà wà fún. N kò ní jókòó sórí òkúta níbí, kí n máa rẹ́rìn-ín sí bàtà tí n kò rí."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, òun àti Monica wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Port Augusta láti lọ wọ ọkọ̀ ojú irin. Monica gbé báàgì rẹ̀, ó ń kùn. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń fọ́ akàn ni." Hilda wá sí ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì, ó gbé búrẹ́dì tó fi ẹran sí lé Noreen lọ́wọ́. "N kò lé ọ o," ló wí, ojú rẹ̀ kò sì dúró sójú kan. Clem dúró jìnnà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́, títí eruku fi bò ó.

Inú Frank Scully dùn fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo abọ́ ọmọ rẹ̀, oúnjẹ tí kò tán nínú rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ Ẹtì, Clem ń wá. Ó ń já ẹrù sí ẹnu géètì, ó ń dúró díẹ̀, ó ń lọ. Noreen kì í yọjú, ṣùgbọ́n ó mọ ìró ẹ́ńjìnnì rẹ̀ láti òpin àdúgbò.

Monica ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. "Ó ní kí n bẹ̀ ọ́."

"Ẹ sọ fún un pé ẹ ti bẹ̀ mí."

"Ó ní Verna ti padà sí Adelaide."

"N kò béèrè ibi tí ó wà." Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà ó jẹun tán.

Ọ̀sẹ̀ méje kọjá báyìí kí ó tó sú Frank fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì kan tí òjò ń rọ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó sì pariwo sí ẹnu géètì pé, "Wọlé, jàre. N kò lè máa fa àpò láti ìta ní ọjọ́ orí mi." Clem gbé àpò kan lé èjìká kọ̀ọ̀kan wọlé. Ó sọ̀ wọ́n kalẹ̀, ó dúró sí àárín ilé ìdáná, omi ń kán lára rẹ̀. Noreen wà nídìí tábìlì, ìyẹ̀fun dé ìgbọ̀nwọ́. Monica ṣe bí ẹni tó ń ka búrẹ́dì.

"Sọ ohun tí o fẹ́ sọ," ni Frank wí. "Níwájú mi."

Noreen ló ṣáájú. "Ìbéèrè kan ni mo ní. Bó bá jẹ́ pé Verna gbà lórí afárá yẹn, ṣé o máa wà níbí?"

Noreen rí i pé Clem ń wá irọ́ tó rọrùn, ó rí i nígbà tó rí irọ́ náà, ó sì rí i nígbà tó fi irọ́ náà sílẹ̀.

"Rárá," ló wí. "Òun ni ǹ bá fẹ́. Ǹ bá ti bí ọmọ méjì, ǹ bá máa kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù yìí, kí n ra búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ, kí n máa bá tèmi lọ, n kò sì ní mọ ohun tó kọjá mi. Ìyẹn ló máa ń dẹ́rù bà mí tí mo bá wà lójú ọ̀nà. N kò fẹ́ Verna mọ́. Ìwọ ni mo fẹ́. Ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé n kò fẹ́ ẹ rí."

Ọ̀rọ̀ náà dun Noreen bí ẹni fi ọwọ́ kan ààrò. Síbẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù kẹjọ, kò rí ohun tí yóò gbé mì.

Frank fa àga kan, ó jókòó. "Ìyá rẹ," ló wí fún Noreen, "Paddy Quirk ló kọ́kọ́ fẹ́ fẹ́. Aṣọ ìgbéyàwó ti wà nílẹ̀. Odidi ọdún mẹ́wàá ni mo fi jowú Paddy Quirk. Eyín rẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ, mo sì ń jowú rẹ̀. Bó bá wá ra búrẹ́dì, èyí tó jóná ni mo máa ń fún un." Ó nu ojú rẹ̀. "Fún ọmọ Luther yìí ní aṣọ ìnura, kó tó bà mí ní ìyẹ̀fun jẹ́."

Oṣù kẹwàá ọdún 1964 ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó, nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn pẹpẹ, nítorí fádà kò gbà kí wọ́n ṣe é fún ọmọ Luther níwájú pẹpẹ. Kò sí orin, kò sí òdòdó. Clem fọwọ́ sí ìwé náà pé Àgùdà ni àwọn ọmọ yóò jẹ́. Hilda dé fìlà aláwọ̀ eérú, ó jókòó ṣánṣán bí ẹni tó ń dúró de dókítà, ṣùgbọ́n ó wá. Noreen fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé pe Verna. Nígbà tí Clem bá Verna jó ẹ̀ẹ̀kan péré nínú gbọ̀ngàn lẹ́yìn náà, Noreen di ife tíì rẹ̀ mú títí orin fi parí, Monica sì gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó fọ́.

Ibi tí wọn yóò ti lo ìsinmi ìgbéyàwó ni Noreen yàn láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. "Ǹjẹ́ ẹ ti lọ sí Tasmania rí?" ló bi Clem.

"Rárá. Màmá mi ń bẹ̀rù ọkọ̀ ojú omi."

"Ibẹ̀ là ń lọ."

Ọkọ̀ ojú omi dá Clem dùbúlẹ̀. Ó bì títí wọ́n fi gúnlẹ̀, Noreen sì dúró lórí ọkọ̀, ara rẹ̀ le koko, ó ń wo omi. Lójú ọ̀nà, Clem tó mọ gbogbo ìlú láti Horsham dé Ceduna ṣìnà lẹ́ẹ̀mẹta kí ọ̀sán tó pọ́n. Noreen mú máàpù. "Yà sí òsì," ni yóò wí, wọn yóò sì já sí ọgbà ápù ẹlòmíràn, ajá yóò gbó wọn jáde.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, wọ́n yà sí ṣọ́ọ̀bù tíì kan lẹ́bàá ọ̀nà. Obìnrin tó ni ín, ẹni bí ogójì ọdún, ojú rẹ̀ rẹ́rìn-ín, gbé kéèkì wá. Ó bu ọ̀rá wàrà ṣíbí kan sórí ti Noreen. Ó bu mẹ́ta sí ti Clem, ó bi í bóyá àgbẹ̀ ni, ó ní ó jọ àgbẹ̀, apá rẹ̀ jọ ti àgbẹ̀.

Nígbà tó lọ, Noreen wo kéèkì méjèèjì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọ̀rọ̀ mì gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Mo ń jowú," ló wí.

Clem yí ọrùn, ó wò yíká ṣọ́ọ̀bù. "Ta lò ń jowú?"

"Obìnrin oníkéèkì yẹn."

"Noreen, ó ju mí lọ ní ọdún mẹ́wàá."

"N kò ní kó o gbèjà rẹ̀. Mo ní mo ń jowú. Mo kàn ń sọ fún ọ ni."

Clem fa àwo rẹ̀ sún mọ́ àwo ìyàwó rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀bẹ kó ọ̀rá wàrà náà sórí kéèkì Noreen, díẹ̀díẹ̀, títí tirẹ̀ fi gbẹ.

"Ṣé ó ti tó?" ló béèrè.

"Ó kù díẹ̀," ni Noreen wí.